Ibi Tí Ọkọ̀ Oníná Ti Ń Jẹun

Ìyá Tiwa jókòó lójúde, ó ń ṣa ẹ̀wà, nígbà tí ọkọ̀ kan wá dúró lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́ tí kò sì mọ̀. Kò gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, kò gbóòórùn èéfín. Àwọn adìẹ tó ń ṣa ẹ̀wà tó bọ́ sílẹ̀ pàápàá kò gbórí sókè. Ohùn ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́.

"Morónikẹ́, sún díẹ̀ ká ráyè kọjá."

Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí imú ọkọ̀ funfun kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká rẹ̀. Àwo ẹ̀wà gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, òun náà gba ọ̀nà tirẹ̀.

"Bàbá Tiwa, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?" Ó di ògiri mú kó lè mí. "Ta ló ń tì í bọ̀ lẹ́yìn?"

"Kò sẹ́ni tó ń tì í. Iná mànàmáná ló ń lò. Kò fẹnu kan epo rí láyé rẹ̀."

Tiwaladé, ọmọbìnrin wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, sáré jáde nínú ilé pẹ̀lú ìwé físíìsì lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Rufus, ló ń tọ́jú ilé ẹrù ní oko ìwádìí kan tí kò jìnnà sí abúlé wọn, Ìdí-Àràbà, lẹ́yìn Mọ́níyà. Òyìnbó kan tó wá ṣèwádìí ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ ló gbé ọkọ̀ akẹ́rù kékeré náà wá. Nígbà tí òyìnbó padà sílé, wọ́n lu ọkọ̀ náà ní gbàǹjo. Ọ̀gbẹ́ni Rufus nìkan ló nawọ́, nítorí pé ẹ̀rù ọkọ̀ tí kì í pariwo ń ba gbogbo àwọn tó kù.

Ọdún 1994 ni. Epo bẹntiróòlù ti di ohun tí èèyàn ń gbé oúnjẹ lọ tò fún. Tòmátì ni Ìyá Tiwa ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìdí-Àràbà, tó ń kó lọ tà ní ọjà Ṣáṣá. Ó ti tó oṣù méjì tí kò rọ́kọ̀ kó o, tí tòmátì ń jẹrà sínú agbọ̀n níṣojú rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé ọkọ̀ yìí kò ní i fi epo ṣe, ó kúrò lára ògiri, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ pa ọkọ̀ náà lórí bí ọmọ tuntun.

Luqman, àbúrò rẹ̀, ni wọ́n ránṣẹ́ sí pé kó wá máa wà á. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Luqman, àmọ́ bọ́ọ̀sì rẹ̀ ti wà lórí bíríkì nítorí àìsí epo. Ó yí ọkọ̀ oníná náà po lẹ́ẹ̀mẹta, ó wọlé, ó tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ sì rọra gbéra wẹ́rẹ́.

"Èyí kò dáa," ó sọ. "Ọkọ̀ tí kò dún, báwo ni màá ṣe mọ̀ bí ara rẹ̀ kò bá yá?"

Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi ẹnu rẹ̀ dún bí ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá ń gun òkè, á dún kíkankíkan. Bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, ohùn á lọ sílẹ̀. Àwọn èrò ẹ̀gbẹ́ títì á wò ó, wọn á sì yà fún un.

Ohun tó kù ni ibi tí ọkọ̀ náà yóò ti máa jẹun. Bátìrì méjìlá ló wà lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo bí òkúta ìyá ọlọ.

Ilé ni wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí iná ìjọba dé, Bàbá Tiwa ki wáyà rẹ̀ bọ ògiri. Gílóòbù gbogbo ilé náà pọ́n kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí ojú ẹni tí kò sùn. Ní ilé ìjọsìn Kérúbù tó wà níwájú wọn, Alàgbà Lazarus ń kọ́ ẹgbẹ́ akọrin lórin lójú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ohùn rẹ̀ sì ṣàdédé fà bíi ti ewúrẹ́ tí òjò ká mọ́. Kò pẹ́ tó fi yọ sí wọn nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà.

"Bàbá Tiwa, kí lẹ fi ń fa iná mu nínú ilé yín?"

Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Wọ́n jọ fẹnu kò pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ jẹun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú àti ọjọ́ Ìsinmi.

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ Sàníù tó ń ṣáàjì bátìrì ní Mọ́níyà. Méjì méjì ni Sàníù lè ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sì ń mu epo. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Luqman fi tò fún epo tí wọ́n máa fi ṣáàjì ọkọ̀ tí wọ́n torí àìsí epo rà. Nígbà tí bátìrì kejìlá fi máa kún, ti àkọ́kọ́ ti ń sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá Tiwa wá bẹ ọ̀gá rẹ̀, Dókítà Olúmidé, pé kó jẹ́ kí wọ́n máa lo iná oko ìwádìí, nítorí iná tibẹ̀ kì í lọ. Dókítà gbà á láyè lọ́jọ́ Ajé nìkan, ṣùgbọ́n ó fi ohun kan sí i.

"Bátìrì tí èèyàn bá lò gbẹ, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn. Mo fẹ́ rí òǹkà gbogbo wọn, méjèèjìlá, ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ bá máa jáde. Ta ló máa wọ̀n ọ́n?"

"Ọmọ mi obìnrin ń ṣe físíìsì, sà," ni Ọ̀gbẹ́ni Rufus wí.

Bí iṣẹ́ náà ṣe bọ́ sọ́wọ́ Tiwaladé nìyẹn. Wọ́n fún un ní ìgò kékeré kan tó ń fa omi bátìrì. Ọ̀pá kan wà nínú rẹ̀: bí ọ̀pá náà bá léfòó dé 1260, bátìrì ti kún, bí ó bá rì sí 1150, ebi ń pa á. Iṣẹ́ náà ṣe pàtàkì gan-an, nítorí abẹ́rẹ́ tó wà níwájú awakọ̀ ti kú sórí "ó kún" láti ayé òyìnbó. Ìwé Tiwaladé nìkan ni wọ́n gbójú lé. Bí ìyá rẹ̀ bá yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ tó rí i pé 12 ló bẹ̀rẹ̀ òǹkà kọ̀ọ̀kan, á ní, "Ó yá, ẹ di agbọ̀n."

Fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ohun gbogbo lọ déédéé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń lọ sí Ṣáṣá. Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ń jẹun ní oko ìwádìí. Ti ọjọ́ Àbámẹ́ta ń jẹun nílé lọ́jọ́ Ẹtì, Tiwaladé ló sì gbọ́dọ̀ ki wáyà bọ ògiri ní kété tó bá ti iléèwé dé.

Ní ọjọ́ Ẹtì tá à ń sọ yìí, iná ti wà kó tó dé. Ó ki wáyà bọ̀ ọ́. Kò tíì bọ́ aṣọ iléèwé tán tí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Gbọ́njúbọ́lá, fi wọlé pẹ̀lú ẹ̀rọ fídíò tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé wálé àti fíìmù Íńdíà kan tí gbogbo kíláàsì wọn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n. Àwòrán rẹ̀ sún kì, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì dà bí èèrà tó ń jó.

"Yọ ọkọ̀ yẹn fúngbà díẹ̀," Gbọ́njúbọ́lá sọ. "Wákàtí kan péré."

Tiwaladé yọ ọ́. Àwòrán kún ojú tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà ì bá mọ níbẹ̀ ká ní àwọn ará fíìmù ọ̀hún fẹ́ràn àtidákẹ́. Gbogbo ìgbà tí Tiwaladé bá fẹ́ dìde lọ ki wáyà ni orin mìíràn ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yìnbọn lu bàbá arúgbó kan, ó kọrin kó tó kú. Ìyàwó rẹ̀ kọrin nítorí pé ó kú. Nígbà tí gbogbo wọn kọrin tán, agogo mẹ́fà ààbọ̀ ti lù. Tiwaladé mú wáyà ọkọ̀ lọ́wọ́, ó nà án sí ògiri, iná sì lọ.

"Ó máa dé," ni Gbọ́njúbọ́lá wí bó ṣe ń di ẹ̀rù rẹ̀. "Bí kò bá sì dé, kọ ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun sílẹ̀. Ṣebí bí a ṣe ń ṣe é ní yàrá sáyẹ́ǹsì nìyẹn?"

Òótọ́ ló sọ. Ní kíláàsì wọn, ẹnì kan ló ń wo aago nígbà tí wọ́n bá ń ṣe àyẹ̀wò; ọgbọ̀n èèyàn ló ń dà á kọ.

Iná kò dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Tiwaladé gbé ìgò, ó lọ sídìí ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì wọn nǹkan kan. Ẹ̀rù ohun tó máa rí ń bà á. Ó ṣí ìwé, ó da òǹkà ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì yí méjì padà níparí kó má baà jọ àdàkọ.

"Ṣé ó kún?" ni Luqman bi í.

"Ó kún, Bọ̀ọ̀dá Luqman."

"Alhamdulillah," ó sọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu dún.

Ọjọ́ yẹn kì í ṣe ọjọ́ lásán. Oníbàárà kan láti Èkó ti ṣèlérí pé bí Ìyá Tiwa bá kó ogún agbọ̀n dé Ṣáṣá kí lọ́rì òun tó gbéra lágogo mẹ́wàá, òun yóò máa gba tirẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ogún agbọ̀n ni wọ́n dì. Alàgbà Lazarus tó ń lọ síbi ìpàdé ìjọ ní Ṣáṣá jókòó síwájú láàárín Luqman àti Ìyá Tiwa, ó gbé agogo àdúrà rẹ̀ lé itan. Tiwaladé wà lẹ́yìn láàárín tòmátì, ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n kọjá Mọ́níyà. Bí wọ́n ṣe ń gun òkè kékeré kan kí wọ́n tó dé Ọ̀jọ́ò, Tiwaladé rí i pé àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ń bá wọn dọ́gba. Lẹ́yìn náà wọ́n ń kọjá wọn. Níwájú, ẹnu Luqman ń dún ju bó ṣe dún rí lọ. Nígbà tó yá, ẹnu rẹ̀ nìkan ló kù tó ń sáré. Ọkọ̀ ti dúró.

Alàgbà Lazarus sọ̀ kalẹ̀ sórí títì ọlọ́dà pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Ó lu agogo, ó gbọ́wọ́ lé iwájú ọkọ̀, ó gbàdúrà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò," ó pàṣẹ.

Luqman tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ lọ. Ó kọjá òpó iná méjì, ó dúró.

"Mo ní ẹ ṣe sùúrù," ni Alàgbà wí, inú rẹ̀ dùn gan-an. "Iṣẹ́ ń lọ."

Ó gbàdúrà kejì. Ọkọ̀ kọjá òpó kan. Ó gbàdúrà kẹta, èyí tó gùn jù. Ọkọ̀ rìn bí ìwọ̀n ẹní kan. Gbogbo ìgbà yìí, Tiwaladé jókòó sáàárín tòmátì. Ó ti kà á nínú ìwé físíìsì rẹ̀ pé bí bátìrì tó rẹ̀ bá sinmi díẹ̀, agbára kékeré á padà sí i. Ó mọ ohun tó wà nídìí iṣẹ́ ìyanu náà, ó sì mọ̀ pé kò ní i gbé wọn dé Ṣáṣá.

"Tiwa, mú ìwé wá," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ìyá Tiwa fi ìka tọ òǹkà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pa ìwé dé, ó kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Ó kún láàárọ̀ yìí. Méjèèjìlá ló kún. Luqman, ibo lo gbé ọkọ̀ lọ kí ilẹ̀ tó mọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, n kò gbé e lọ síbì kankan."

"Àná ńkọ́? Ta lo bá kérò?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi Ọlọ́run búra."

"Ìwé ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Ọmọ tó kọ ọ́ kò ní ìdí kankan láti purọ́." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá, èyí ló jẹ́ kó burú. "Mú kọ́kọ́rọ́ wá. Máa lọ sílé. Tí mo bá fẹ́ rí ẹ, màá ránṣẹ́."

Luqman wò ó títí, bóyá yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó sì kọjú sí ọ̀nà Mọ́níyà.

Tiwaladé ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí òun bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti parí nìyẹn. Luqman á bínú fún oṣù kan, inú rẹ̀ á rọ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ, kò dún. Láti ìgbà tó ti dé ilé wọn, kò sí ibi tó ń lọ tí kò ní i fẹnu dún bí ẹ́ńjìnnì, kódà bó bá ń lọ wẹ̀. Báyìí, ó ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó dákẹ́ bí ọkọ̀ náà.

Tiwaladé bẹ́ sílẹ̀, ó sáré tẹ̀ lé e, ó fà á láṣọ.

"Bọ̀ọ̀dá Luqman, èmi ni. N kò wọ̀n ọ́n. Mo da ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọ."

Ó fà á padà dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì tún gbogbo rẹ̀ sọ lójú gbogbo wọn: fídíò, wáyà, bàbá arúgbó tó kọrin kó tó kú. Alàgbà Lazarus wo agogo àdúrà rẹ̀, ó sì fi í sábẹ́ aṣọ jẹ́jẹ́. Ìyá Tiwa na kọ́kọ́rọ́ sí Luqman.

"Má bínú, àbúrò mi. Ìwé ni mo gbà gbọ́, n kò gba ìwọ gbọ́."

Luqman gba kọ́kọ́rọ́ náà. Ó wo Tiwaladé. "Fíìmù ọ̀hún tiẹ̀ dáa?"

"Wọ́n ń kọrin jù," ó dáhùn, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Sọ́mìlì kan wà ní òdìkejì títì, tí ìró ayùn rẹ̀ ń dún. Wọ́n ti ọkọ̀ débẹ̀. Alàgbà Lazarus náà bá wọn tì í, ó ń ta gìrì lórí ọ̀dà gbígbóná. Ìyá Àjọkẹ́ ló ni sọ́mìlì náà. Ó ní kí wọ́n ki wáyà wọn bọ ògiri. Wọ́n ki í bọ̀ ọ́, ayùn ńlá sì dúró sáàárín igi ìrókò kan. Gbogbo àwọn alági jáde wá wo ohun tó ń jẹ iná wọn. Ìyá Àjọkẹ́ ní kí wọ́n lọ jẹun ná, nítorí agogo oúnjẹ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó.

Lọ́rì Èkó gbéra lágogo mẹ́wàá, kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ìyá Tiwa ta agbọ̀n díẹ̀ fún àwọn tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà sọ́mìlì, ó fún Ìyá Àjọkẹ́ ní ọ̀kan, ó sì kó èyí tó kù padà sílé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi jẹ tòmátì láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Lọ́jọ́ keje, Bàbá Tiwa ní òun rò pé òógùn òun ti ń pọ́n.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé Àbámẹ́ta yẹn, ó mú Tiwaladé lọ síwájú Dókítà Olúmidé, ó sì ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Dókítà wo ìwé náà.

"Bátìrì kì í wí ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì," ó sọ. "Ká ní o kò wá jẹ́wọ́, mo máa bi ọ́ náà ni." Ó gba iná oko ìwádìí padà lọ́wọ́ wọn fún oṣù méjì. Nígbà tí wọ́n wọn bátìrì, ọ̀kan nínú wọn ti kú pátápátá, kò sì jí mọ́. Tiwaladé fẹ́ ya ojú ìwé náà, ṣùgbọ́n Dókítà kọ̀. Ó ní kó fa ìlà sí i, kó kọ òótọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé: "Irọ́ ni èyí. N kò wọ̀n ọ́n."

Wọ́n tún pàdé ní pálọ̀ láti pinnu ibi tí ọkọ̀ yóò ti máa jẹun. Bàbá Tiwa ní ilé ló rọrùn. Luqman ní ọ̀dọ̀ Sàníù, nítorí ọ̀rẹ́ òun ni. Alàgbà Lazarus ní kí wọ́n wá lo ògiri ìjọ, ó gbàgbé pé iná kan náà ni.

"Ẹ jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n ná," ni Tiwaladé wí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wọ̀n ọ́n, ní ibi gbogbo, ó ń kọ ohun tó rí gan-an, ìbáà dára ìbáà burú. Nígbà tó kà á fún wọn, àríyànjiyàn tán. Iná ilé kò lágbára. Wákàtí mẹ́fà níbẹ̀ kò tó wákàtí méjì ní sọ́mìlì. Wọ́n fẹnu kò pé ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí ayùn ń sinmi, ọkọ̀ yóò lọ jẹ àjẹyó ní sọ́mìlì; ilé yóò sì máa fún un ní ìpápánu láàárín ọ̀sẹ̀. Agbọ̀n tòmátì kan lọ́sẹ̀ ni Ìyá Àjọkẹ́ gbà. Nítorí bátìrì tó kú, agbọ̀n mẹ́rìnlá ni wọ́n ń kó dípò ogún. Oníbàárà Èkó ti fa ẹlòmíràn mọ́ra, kò padà wá. Díẹ̀díẹ̀ ni Ìyá Tiwa ń wá oníbàárà mìíràn.

Luqman kò bínú pẹ́, àmọ́ kò gbàgbé. Kó tó tẹ ọkọ̀ láàárọ̀, á yọrí síta.

"Tiwa, èyí tó o kà ni, àbí èyí tí Gbọ́njúbọ́lá kà?"

Tiwaladé á gbé ìgò náà wá síwájú rẹ̀, á fa omi bátìrì sínú rẹ̀, á sì jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí ibi tí ọ̀pá léfòó dé. Ó ti kọ́ ọ pé irọ́ tí èèyàn bá kọ sínú ìwé kì í jókòó sínú ìwé. Á bá àwọn èèyàn jáde lọ sójú ọ̀nà, á dá wọn dúró níbi tí kò sí olùrànlọ́wọ́, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí o kò bá kà, má kọ ọ́. Bí o bá sì ti kọ ọ́, tètè sọ òótọ́ kí ẹlòmíràn tó ṣí fìlà lọ sílé.